Àwo Tí Mo Sá Sórí Àpáta

Nínú ilé wa ní Kábà, ẹni méjì péré ló láyè láti fọwọ́ kan àwo orin. Bàámi ni àkọ́kọ́, torí òun ló rà wọ́n. Èmi Délé ni ìkejì, torí ìka mi tẹ́ẹ́rẹ́, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà pẹ̀lú máàkì tó dáa, Bàámi sì gbà pé ọgbọ́n ń bẹ lórí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, àsìkò ẹ̀rín ń bọ̀. Mo wà nílé lọ́dún yẹn, mò ń retí kí kọ́lẹ́ẹ̀jì pè mí, gbogbo agbo ilé sì ń pè mí ní Tísà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì pè mí lóòótọ́ nígbà tó yá. Mo kà á dé ìwé mẹ́wàá, mo jáde, ìwé náà sì jáde kúrò lórí mi, a ò tíì pàdé títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò sí nǹkan tí mi ò mọ̀. Kwara la ṣì wà, Ìlọrin ni gbogbo ìwé ìjọba ti ń wá, tí wọ́n bá sì béèrè olú ìlú Kwara lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́, kódà tí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n bi.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ nílé wa, ìgbálẹ̀ Ìyé lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìyé ni ìyá tó bí Bàámi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, tọmọ tọmọọmọ la sì jọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà: ṣà, ṣà, ṣà. Ewúrẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Mọ́mì á máa da omi sínú ìkòkò, ẹni tó ń kọjá lójúde á kígbe pé, "Okun o!", Ìyé á dáhùn, "Okun o, ṣé ẹ jí re?" láì gbé orí sókè. Ariwo ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí odó Mọ́mì bá ti ń dún lẹ́yìn ilé, Bàámi á bọ́ ẹ̀wù, á ku síńgílẹ́ẹ̀tì, á ní kí n gbé ṣénjà jáde. Ṣénjà là ń pe ẹ̀rọ tó ń kọ àwo, àpótí kan báyìí tó ní ọwọ́ gbọọrọ bí ọrùn lékeléke. Bátìrì ńlá mẹ́fà ló ń jẹ. Tí bátìrì bá ti ń kú, orin á máa falẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. A ó yọ wọ́n, a ó sá wọn sóòrùn lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, tó bá di ọ̀sán, wọ́n á tún jí. Orí àpáta yẹn náà ni pákí tí a fẹ́ fi ṣe èlùbọ́ ti ń gbẹ, àti ẹ̀gúsí, àti aṣọ ilé ìwé mi. Ohunkóhun tí a bá fọ̀ nílé yẹn, orí àpáta ló ń lọ. Ìyé kì í gbà pé nǹkan mọ́ títí oòrùn á fi rí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì àti àpáta yìí sọ́kàn, àwọn ló kó bá mi.

Fọ́máànù àwọn tó ń ṣe títì ni Bàámi. Ṣáájú kí Kwara tó wà, nígbà tí a ṣì jẹ́ ti Àríwá pátápátá, wọ́n ti gbé e káàkiri: Bídà, Zaria, Jos, Kaduna. Ibi gbogbo tó bá ti ṣiṣẹ́, ó máa ń ra àwo níbẹ̀ kó tó kúrò. Nítorí náà kò sí orin tí kò sí nílé wa. Jùjú wà, sákárà wà, háíláìfù wà, orin àwọn Hausa onígòjé wà, orin Íńdíà wà, orin òyìnbó kan tó ń sunkún nítorí ẹṣin rẹ̀ náà wà. Àwọn àwo àtijọ́ wúwo, wọ́n sì le, wọ́n máa ń sáré yí bí ẹni tí ajá ń lé, tí ọ̀kan bá bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ bíi tánganran nìyẹn. Àwọn kékeré, orin kan lójú kan. Àwọn ńlá tó ń rọra yí ni tàwọn tó fẹ́ jẹun tán kí orin tó tán. Ìyanu ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe fún mi. Mo máa ń gbé àwo sójú oòrùn, mo máa ń wo ìlà wínníwínní ara rẹ̀, mo ń bi ara mi pé báwo ni fèrè àti ìlù àti ohùn èèyàn mẹ́rin ṣe jọ gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn ò fara gbún ara wọn. Mo yí ohùn ṣénjà sílẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ kan, mo gbé etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, mo sì gbọ́ orin náà tín-ín-rín, bíi pé eèrà ló ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí àwo àtijọ́ kan fọ́, mo mú èérún rẹ̀ kan, mo jẹ ẹ́ wò bóyá mo lè mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Kò dùn. Ohun tí mo rí mọ̀ nínú ìwádìí yẹn nìyẹn.

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni bí a ṣe ń tò wọ́n. Bàámi tò wọ́n bí ọ̀nà ṣe lọ, láti Bídà dé Kaduna, àwo tó bá sì ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń kà sí jù. Èmi Tísà sọ pé ìyẹn kò bójú mu. Mo tò wọ́n ní A, B, D, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ̀kọ ni mo sì fi lẹ nọ́ńbà náà mọ́ àpò wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aáyán ti jẹ ẹ̀kọ náà, wọ́n sì fi nọ́ńbà ṣe ẹran rẹ̀. Ìyé kò mọ̀wé, kò mọ Bídà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni àwo kì í sọnù mọ́ lọ́wọ́. Á ní, "Tísà, gbé èyí tó wọlé lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bí ìbejì wá." Èmi á máa wá a kiri. Á tún ní, "Òun ló wà lábẹ́ èyí tí bàbá rẹ gbé dé lọ́dún tí inú fi ń bí i sí mi." Tí mo bá wò ó, òun náà ni. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo ló níye lórí jù nínú gbogbo wọn. Ó ní, "Ẹni tó bá kú, tí o tún ń gbọ́ ohùn rẹ̀, èló lo fẹ́ pè é?" Ìṣirò wà lára ohun tí mo máa ń gba máàkì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa ní tìyẹn.

Àwo kan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwo kékeré kan ni, ó ní bébà pupa láàárín. Ògìdì ni ìlú Ìyé kó tó fẹ́ ará Kábà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àìná ló sì máa ń lé orin fún àwọn obìnrin tó ń ru òwú ti oko bọ̀. Ìyé á dá orin, Àìná á gbè é. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti dàgbà, ọkùnrin kan tó ń kó orin jọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé Ògìdì, ó ní kí wọ́n wá kọ ọ́. Ìyé wọ mọ́tò lọ láti Kábà, wọ́n kọ ọ́ nínú kíláàsì kan tí àwọn ọmọ ti lọlé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ ẹ̀pà, wọ́n túká. Kí àwo náà tó dé, Àìná kú. Bàámi ló gbé e wálé. Wọ́n ní Ìyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń pe Àìná, ó gbọ́ Àìná tó ń dá a lóhùn, ló bá dìde, ó lọ pọnmi. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyé ò kọrin mọ́, ì báà ṣe nídìí ọlọ, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbè é. Ó tún ní òun ò ní fún ẹ̀rọ kankan ní ohùn òun mọ́ láyé, pé èyí tó ti gbà yẹn ti tó. Ṣùgbọ́n Bàámi kì í ṣíwọ́ orin lọ́jọ́ Sunday kó má gbé àwo yẹn sí i kẹ́yìn, Ìyé kì í sì í dìde títí á fi tán. Ẹyọ kan náà ló kù. Àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ògìdì ti fọ́, tàbí wọ́n ti yá ẹni tí wọn ò rántí.

Bó ṣe ku bí oṣù kan kí Àjíǹde dé nìyẹn, tí lẹ́tà Ọ́ńkù Sámù dé láti Kaduna. Ọ́ńkù Sámù ni àbúrò Bàámi, ẹni tí nǹkan tuntun kì í kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, pé òun ń gbé e bọ̀ wálé, pé òun máa gba orin Ìyé sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún àwọn àbúrò wọn obìnrin mẹ́ta tó wà lẹ́yìn odi, tí wọn ò tíì gbọ́ orin ìyá wọn àti Àìná rí. Ó fi kún un pé àwo náà ti ń ta pàrà pàrà bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, eruku ni, kí a fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Bàámi ka lẹ́tà náà tán, ó yíjú sí mi. "Délé, o gbọ́? Aṣọ rírọ̀."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba máàkì tó dáa kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìkan, ó máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Sátidé Àjíǹde, Bàámi lọ sóko, Mọ́mì àti Ìyé lọ sọ́jà. Mo pọn omi tó mọ́, mo wá ọṣẹ, mo wá kànrìnkàn tuntun, mo fọ àwo Ìyé tọkàntọkàn, tojú tẹ̀yìn. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, omi ń kán lára rẹ̀. Kí ni ọmọ Kábà máa ṣe sí nǹkan tó ti fọ̀? Mo gbé e lọ sórí àpáta, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákí, mo tún rò ó pé tí oòrùn bá lè jí bátìrì tó ti kú, kí ló máa wá ṣe fún àwo tí kò tiẹ̀ ṣàìsàn? Mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo padà, pákí wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àwo náà ti ká sókè lọ́tùn-ún lósì, bí etí ajá tó gbọ́ ìró oúnjẹ. Mo dì í mú, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbóná, ó rọ̀, ó tún gba ibòmíràn ká. Mo gbé e wọlé, mo fi Bíbélì Bàámi lé e, mo gbé ọlọ Ìyé lé Bíbélì, èmi fúnra mi jókòó lé ọlọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ìjọ ń yọ̀ pé Jésù jíǹde, èmi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àwo kan dání. Bàámi kò gbé ṣénjà jáde lọ́jọ́ náà, ó ní kí abẹ́rẹ́ sinmi de Sámù.

Ọ́ńkù Sámù dé láàárọ̀ Monday. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀, ó fa wáyà gbohùngbohùn dé iwájú ṣénjà, ó wá dúró bíi hẹ́dímásítà.

"Kò gbọdọ̀ sí ariwo rárá. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó lọ wú u ní Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ yín ńkọ́?"

"Mo ti so ó," Bàámi sọ.

"Adìyẹ ńkọ́?"

"Sámù, adìyẹ kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Bẹ̀rẹ̀."

Èmi ni Ọ́ńkù ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní tí òun bá nawọ́ sókè, kí n tẹ bọ́tìnì méjèèjì yìí pọ̀, kí n má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí òun á fi sọ. Ìyé jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà níbi tó máa ń jókòó sí. Mo ti gbé àwo náà sí ṣénjà fúnra mi kí ẹnikẹ́ni má baà rí i dáadáa, mo rò pé ọlọ ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọ́ńkù nawọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ohùn Ìyé jáde, ó rìn dáadáa fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó já sí kòtò, ó gòkè, ó tún já sí kòtò. Bàámi tó ti dí kòtò láti Zaria dé Kábà kò mọ bó ṣe máa dí èyí.

"Haba! Kí ló ṣe é?"

"Bátìrì yín ti kú ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Bátìrì tuntun ni." Bàámi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sí etí àwo náà, ó rí i bó ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀. "Délé."

"Sà."

"Ta ló ká àwo yìí?"

"Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn wọ pálọ̀ wá ká a?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni, sà. Mo wá sá a."

"O sá a. Síbo?"

"Sórí àpáta, sà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákí."

"Kai!" Ọ́ńkù Sámù di orí mú. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákí! Ṣé ìyá mi lo fẹ́ fi ro ọ̀kà ni?"

"Ẹ pa á," Ìyé sọ láti ẹnu ọ̀nà. Bàámi gbé abẹ́rẹ́ sókè. Òun àti Ọ́ńkù bẹ̀rẹ̀ lé àwo náà lórí, wọ́n kẹ́yìn sí mi, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó dákú. Ìyé ní, "Ohùn mi kọ́ nìyẹn. Àìná kì í gbọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí nǹkan yìí bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́."

"Ìyé, kò sí òmíràn mọ́," Bàámi sọ.

"Mo mọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ Tísà. Nǹkan tó wà níwájú rẹ yẹn, ṣé kì í ṣe ohùn mi ló ń gbà yẹn?"

Mo wo ẹ̀rọ náà. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjèèjì inú rẹ̀ ń yí. Ọ́ńkù ò tíì sọ pé kí n fọwọ́ kàn án.

"Rárá, Ìyé."

Ìyé nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Báyìí la ṣe kọ ọ́," ló wí, ó sì kọ ọ́. Ohùn náà gbẹ, ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò já sí kòtò kankan.

"Dúró dè mí lókè o,
mò ń di òwú mi lọ́wọ́."

Ó dúró síbi tí Àìná ti máa ń gbè é. Kò sẹ́ni tó fèsì. Adìyẹ kan sọ tirẹ̀. Mo rí i tí ẹnu Ìyé ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Mọ́mì gba ojú fèrèsé wọlé láti ìdí odó lẹ́yìn ilé:

"Mo ti jókòó sórí àpáta,
mò ń wo ojú ọ̀nà rẹ."

Mọ́mì kì í ṣe ará Ògìdì, kò fojú kan Àìná rí. Nídìí odó ní gbogbo ọjọ́ Sunday ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwo títí ó fi mọ́ ọn lórí. Ìyé kò yíjú wo ẹ̀yìn. Ó dá a lẹ́ẹ̀kejì, Mọ́mì gbè é. Ó dá a lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà yẹn ni Ọ́ńkù Sámù yíjú, ó rí kẹ̀kẹ́ tó ń yí, ó la ẹnu. Èmi ọmọ ọdún méjìlá gbé ìka sétè sí ọkùnrin tó ní ìyàwó àti mọ́tò. Ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bàámi kò nà mí. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní. Láàárọ̀ Túsìdeè, nígbà tí Ọ́ńkù ń palẹ̀ mọ́ àtipadà sí Kaduna, Bàámi gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ohùn ìyá mi kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti Sámù. Ó ní òun ò fún ẹ̀rọ mọ́, o sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí kò bá fẹ́, a ó gba nǹkan mìíràn lé e lórí, kò ní kúrò nílé yìí. Ìwọ lo purọ́. Lọ bá a."

Àwọn tó ń kó àwo jọ máa ń wá sílé mi báyìí, láti Lọ́kọ́ja, láti Ìlọrin, torí wọ́n gbọ́ pé àwo Bàámi wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n á fọwọ́ nù ún, wọ́n á gbé e sójú iná, wọ́n á ní èyí mọ́, èyí ti ha. Tí wọ́n bá kan èyí tó ká, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi mí pé kí ni mò ń pa á mọ́ ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn ò mọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì í fi han àlejò.

Láàárọ̀ Túsìdeè yẹn, abẹ́ máńgòrò ni mo bá Ìyé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ tẹ̀rọtẹ̀rọ.

"Ìyé, mo purọ́ fún yín lánàá."

"Irọ́ wo nínú wọn?"

Mo tẹ ẹ̀rọ náà. Àwo tó ká jáde, ó ń já sí kòtò. Bàámi pe Délé. Délé ní oòrùn ni. Ọ́ńkù pariwo ọ̀kà. Ohùn Ìyé bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, ohùn kékeré kan tó dà bíi ti eku sì dáhùn pé rárá. Ìyé ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, títí tí orin fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì gbè é, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbọ́ ọ dé òpin, títí tó fi ku ṣííí. Lẹ́yìn náà ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. Mo dijú, mò ń retí kó ní kí n lọ pa á rẹ́.

"Ìyá rẹ kò mí kó tó gbà á," ló wí. "Àìná máa ń kọ́kọ́ mí." Ó bojú wo ọ̀nà pálọ̀. "Sámù ti ń di ẹrù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

"Ní kó dúró. Pe ìyá rẹ wá." Ó na ìka tí ẹ̀gúsí ti lẹ̀ mọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Dá a padà. Síbi tí o ti purọ́ yẹn."